Áíṣádò Inú Pálẹ́ẹ̀tì: Ìgbà Wo Ni Ká Lò Ó ní Gbígbẹ, Ìgbà Wo Ni Ká Fi Omi Sí I?

Ojú ni mò ń ṣe fún èèyàn ní Àkúrẹ́: ìyàwó tuntun, ìyá ìyàwó, àwọn tó dá aṣọ ẹbí, ọmọ FUTA tó fẹ́ lọ ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Orí áíṣádò, àtíkè aláwọ̀ tí wọ́n ń fi sí ìpénpéjú, ni ìbéèrè wọn máa ń pọ̀ sí jù, pàápàá àwọn pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn páálí tí oríṣiríṣi àwọ̀ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ “wet and dry” (tútù àti gbígbẹ) sí lára. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Èrò tèmi ni pé gbígbẹ àti tútù kì í ṣe orogún ara wọn. Gbígbẹ ló ń gbẹ́ ojú jáde, tútù ló ń mú kó tàn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì ló máa ń sọ pé pálẹ́ẹ̀tì òun kò dáa.

Kí ni omi ń ṣe sí áíṣádò gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àtíkè tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ inú àwo pẹrẹsẹ ni. Tálíkì, ẹ̀tù funfun kan, sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú máíkà, òkúta kan tó máa ń là ní ìpele tín-ín-rín. Òróró díẹ̀ tàbí sílíkóònù ni wọ́n fi ń dè é pọ̀. Ìpẹtà irin ló ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọ̀: ó ní èyí tó pupa, èyí tó jẹ́ yẹ́lò àti èyí tó dúdú, tí wọ́n bá sì lù wọ́n pọ̀, oríṣiríṣi búráwùn ló máa jáde. Èyí tó ń dán, máíkà tí wọ́n fi titanium dioxide, ẹ̀tù funfun mìíràn, bò lára ló ń mú un dán.

Tẹ́ ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbé èyí tó ń dán, ìpele máíkà á dúró gbágungbàgun, afẹ́fẹ́ á wà láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà wọ́n á fọ́n káàkiri. Tí omi bá kàn wọ́n, wọ́n á sùn lé ara wọn bíi páànù orí ilé, ìmọ́lẹ̀ á sì kọ mọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ wúrà kan fi lè ṣú ní gbígbẹ, kó wá tàn yanran tó bá tutù. Omi tún ń kó àtíkè náà jọ, kì í jẹ́ kó máa já bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá yá, omi á gbẹ lọ, àwọ̀ á kù síbi tẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí.

Ṣé gbogbo àwọ̀ inú pálẹ́ẹ̀tì ni mo lè fi omi lò?

Rárá o. Àwọn tó ń dán ni omi wà fún. Mátì, ìyẹn èyí tí kì í dán, gbígbẹ ló ti ń ṣe dáadáa. Ẹ fi omi sí mátì, ẹ tẹ́ ẹ sí gbogbo ìpénpéjú, ẹ dúró kó gbẹ, ẹ máa rí i pé ibì kan á ki, ibì kan á ṣí, etí rẹ̀ á sì dúró gedegbe bí ẹ bá tiẹ̀ pò ó títí.

Ibì kan ṣoṣo wà tí mo ti ń fi omi sí mátì, tí mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ìlà ẹ̀bá irun ìpénpéjú. Ẹ mú mátì dúdú tàbí búráwùn tó ṣú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó tutù díẹ̀ fa ìlà náà. Ó máa ń rọ̀ lójú ju ìlà tí wọ́n fi láínà olómi inú ìgò fà lọ, kì í sì í jẹ́ kí ojú àgbàlagbà le.

Àwọn kan tún wà tí ojú wọn ga díẹ̀ nínú àwo, tí wọn kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n pò àwọn yẹn ní tútù, wọ́n sì yan án kó gbẹ ni. Wọ́n fẹ́ràn omi. Ní ti àwọn tó kọ “wet and dry” sára, ohun tí oníṣòwò ń sọ ni pé ohun tí òun fi dè é pọ̀ lè gba omi. Àwọn kan sọ òótọ́. Ẹ dán an wò lórí apá kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Omi wo ni kí n lò? Àwọn kan máa ń fi itọ́ ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi itọ́ ṣe é. Ẹnu kún fún kòkòrò àìfojúrí tí kò gbọ́dọ̀ dé ojú, ẹ̀yin náà lẹ sì máa tún ti búrọ́ọ̀ṣì yẹn bọ inú pálẹ́ẹ̀tì lọ́la. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà lẹ ń ṣe lójú, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi kànga tàbí ti bọ́họ́ò lè mọ́ lójú, àmọ́ ẹ sè é kó hó, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó lò ó. Píọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já náà dáa, ẹ má kàn fi ìyókù rẹ̀ pamọ́ di ọ̀la. Ohun tí mo yàn láàyò fún òde tó máa pẹ́ ni sípíréè tí kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n kùn sójú tètè ṣí, torí pé nígbà tí omi lásán bá gbẹ tán, kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n sípíréè máa ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ tó di àwọ̀ mú. Ara búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fín in sí, kó má lọ sínú ẹyinjú.

Búrọ́ọ̀ṣì náà kò gbọ́dọ̀ máa kán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tíṣù kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ṣé kí n fín omi sínú pálẹ́ẹ̀tì ni, àbí kí n ti búrọ́ọ̀ṣì tútù bọ̀ ọ́?

Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí pálẹ́ẹ̀tì yín pẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbé àwọ̀ ná. Ìgbà tí àwọ̀ bá ti wà lára búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ wá fín sípíréè sí i lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpénpéjú. Omi kò ní kan àwo rárá. Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ kékeré tó mọ́ ha díẹ̀ nínú àtíkè náà sórí àwo mìíràn tó mọ́, kẹ́ ẹ kán omi sí i níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ló yẹ ẹni tó ń ṣe ojú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí kò ní máa kó ojú ẹnì kan fún ẹlòmíì.

Omi tó bá wọnú àwo máa ń ṣe ibi méjì. Àkọ́kọ́, ó máa ń mú kí ojú àtíkè le gbagidi, tí búrọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìgbé nǹkan kan. Sẹ́lótéèpù ni oògùn rẹ̀: ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ ṣí i, awọ líle yẹn á bá a jáde, èyí tó rọ̀ á hàn nísàlẹ̀. Èkejì burú jù: olú lè hù níbẹ̀, pàápàá lásìkò òjò tí gbogbo ilé bá ń rin. Bẹ́ ẹ bá rí àmì funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń rùn, ẹ gbé e jù nù. Sẹ́lótéèpù kò wo ìyẹn.

Mo fẹ́ ra pálẹ́ẹ̀tì ní Ọjà Ọba. Báwo ni mo ṣe máa dán an wò?

Apá ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tí gbogbo ọjà ti tọwọ́ bọ̀ kan ìpénpéjú yín. Ẹ fi ìka tó mọ́ fa ìlà kan ní gbígbẹ sí abẹ́ apá, níbi tí awọ ti rọ̀. Ẹ kán omi sí ìka kejì, ẹ fa ìlà tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jáde kúrò lábẹ́ gílóòbù ilé ìtajà, ẹ lọ síta nínú oòrùn, torí iná ilé ìtajà máa ń pọ́n àwọ̀ tí kò pọ́n. Ẹ wá lọ ra nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ fẹ́ rà kí ìlà tútù lè gbẹ.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá padà, ẹ ká ọrùn ọwọ́ yín, ẹ tún nà án. Tí ìlà tútù bá sán tàbí tó ń já bọ́ ní wóróbo-wóróbo, bó ṣe máa ṣe ní ìpénpéjú nìyẹn nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá ń ṣẹ́jú. Ẹ fi ìka nu ìlà gbígbẹ fẹ́ẹ́rẹ́: tó bá lọ pátápátá, kò ní dé ìdajì òde. Àwọn tó ń tajà ò ní bínú sí yín tẹ́ ẹ bá bẹ̀ wọ́n dáadáa.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó ìṣaralóge pẹ̀lú oúnjẹ àti oògùn lórílẹ̀-èdè wa. Ẹ tún wá àwòrán ìkòkò kékeré tó ṣí lórí, tí wọ́n kọ 12M tàbí 24M sí: iye oṣù tó ṣeé lò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣí i nìyẹn. Èyí tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára rárá, èmi kì í rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Awọ mi dúdú dáadáa. Kí ló dé tí áíṣádò fi máa ń hàn bí eérú lójú mi?

Awọ yín kò ní ẹ̀bi kankan. Tálíkì funfun, titanium dioxide náà funfun. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ dín owó kù á fi nǹkan funfun kún àtíkè, á dín àwọ̀ gidi kù. Lára ẹni tó pupa, funfun yẹn lè fara sin. Lára awọ tó dúdú dáadáa, á yọ síta, ni ojú á bá ṣú bí ẹni tó fara gbo ògiri ẹfun.

Nǹkan mẹ́ta ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ohun kan sílẹ̀ fún un: kọ̀nsílà, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń bo àbàwọ́n awọ, tó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìpénpéjú yín lọ, tẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́. Kọ̀nsílà funfun báláú kò ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yan àwọ̀ tó jinlẹ̀: aró, elésè àlùkò, osùn, àwọ̀ bàbà, wúrà tó pọ́n, àwọ̀ ewé tó ṣú. Mo máa ń sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé kò sí awọ tí bàbà àti aró ń yẹ tó awọ dúdú. Ìkẹta ni omi: tí àwọ̀ tó ń dán bá hàn bí eérú ní gbígbẹ, ẹ fi omi sí i kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Púpọ̀ nínú wọn máa ń jí. Ṣùgbọ́n mátì tó rí bí eérú ní gbígbẹ, eérú náà lá jẹ́ nínú omi. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbéyàwó wà lọ́jọ́ Sátidé. Báwo ni mo ṣe máa to méjèèjì pọ̀ lójú kan?

Mátì ṣáájú, ní gbígbẹ. Ẹ mú búráwùn tó fi díẹ̀ ṣú ju awọ yín lọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun púpọ̀ tó rọ̀ pò ó sí ibi tí ìpénpéjú ti ṣẹ́po, síwá sẹ́yìn, títí ẹ ò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ la ojú yín sílẹ̀ wo dígí nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí. Ẹni tó bá di ojú ṣe é máa ń gbé àwọ̀ sísàlẹ̀ jù. Ẹ fi èyí tó ṣú jù sí igun ìta. Ojú ti ń ní ìrísí nìyẹn. Ẹ má yára kọjá ibẹ̀, torí kò sí dídán tó lè tún ojú tí kò ní ìrísí ṣe.

Ìgbà náà ni tútù tó wọlé. Ẹ gbé wúrà tàbí bàbà, ẹ fín sípíréè sí búrọ́ọ̀ṣì pẹrẹsẹ, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìpénpéjú. Mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á. Fífà máa ń ṣí mátì tó wà nísàlẹ̀, á sì fi ìlà sílẹ̀. Ẹ di ojú fún ìṣẹ́jú kan kó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á lẹ̀ mọ́ ibi ìṣẹ́po. Tó bá gbẹ tán, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, láìfi àwọ̀ kún un, ẹ fi pò ó ní etí ibi tó ń dán kí méjèèjì lè gba ara wọn.

Ẹ ṣe ojú kẹ́ ẹ tó kun awọ yòókù, kẹ́ ẹ lè nu ohun tó bá já bọ́. Ẹ wo aṣọ ẹbí pẹ̀lú: tí gèlè bá ti ń dán yanran, àárín ìpénpéjú nìkan ni kí dídán wà. Tó bá jẹ́ àdìrẹ tàbí aṣọ òfì, ẹ lè jẹ́ kó tàn dé igun ojú.

Ooru Àkúrẹ́ máa ń yọ́ ọ, ọyẹ́ sì máa ń mú kó sán. Kí ni ṣíṣe?

Lásìkò ooru, òróró awọ ló ń tú áíṣádò. Ẹ fi tíṣù tẹ ìpénpéjú, ẹ má fi ìpara sí i lọ́jọ́ náà, kí ohun tẹ́ ẹ tẹ́ sísàlẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ṣe òdìkejì: ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á, ẹ dúró kó wọra dáadáa, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìpénpéjú gbígbẹ máa ń mu omi inú búrọ́ọ̀ṣì, á wá fi àwọ̀ sílẹ̀ ní pápàpá.

Mọ́mì mi ti lé ní 60. Wọ́n ní àwọn ò lè lo èyí tó ń dán.

Wọ́n lè lò ó, ẹ bá mi kí wọn. Ohun tí awọ tó ti hunjọ kò fẹ́ ni dídán oníwóró ńlá àti àpọ̀jù rẹ̀. Ẹ wá èyí tí wóró rẹ̀ kúnná, ẹ fi omi tẹ ẹyọ kan ṣoṣo mọ́ àárín ìpénpéjú, kí mátì gba ìyókù. Omi tiẹ̀ ń ṣojú rere sí àgbà níhìn-ín, torí àtíkè gbígbẹ máa ń jókòó sínú ìhunjọ. Ẹ rọra fa awọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á le.

Gílítà ńkọ́?

Gílítà tí wọ́n fi ń ṣe káàdì àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé kò gbọ́dọ̀ dé ojú. Ọ̀rá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni, ó ní igun, ó sì lè ha ẹyinjú. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ojú nìkan, kẹ́ ẹ sì fi gọ́ọ̀mù tirẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Omi lásán kì í di gílítà mú.

Ṣé mo lè fi tìróò pò mọ́ áíṣádò kó lè ṣú? Tìróò là ń lò láti ìgbà ìyá wa àgbà.

Mo mọ̀ pé tìróò jẹ́ ẹwà ilé wa, torí náà mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi yé. Ọ̀pọ̀ tìróò òkúta tí wọ́n ń lọ̀ tà jẹ́ òkúta kan tí òjé àti imí-ọjọ́ para pọ̀ di. Òjé ni májèlé tó wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá fi ra ojú, tó tún kan ẹnu, òjé á wọnú ara, kì í sì í tètè jáde. Lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, òjé ló ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lọ. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i lójú.

Nítorí náà, ẹ má pò ó mọ́ nǹkan kan, ẹ má sì lé e fún ọmọ. Tó bá jẹ́ ojú dúdú bíi ti ìyá àgbà lẹ fẹ́, mátì dúdú tẹ́ ẹ fi omi fà ní bèbè irun ìpénpéjú máa fún yín ní ohun tó jọ ọ́ gan-an.

Àpólò mú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé mo lè padà sórí pálẹ́ẹ̀tì mi?

Kí ojú yín yá tán pátápátá ná. Èyí tẹ́ ẹ lò nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà, pàápàá èyí tó jẹ́ olómi tàbí tẹ́ ẹ fi omi lò, ẹ dà á nù, ẹ dà máskárà nù pẹ̀lú. Ó dunni lápò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Àpólò tó padà wá dunni jù. Ẹni tó ń lo lẹ́ńsì, ẹ fi lẹ́ńsì sójú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ áíṣádò, ẹ sì yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó nu ojú lálẹ́.

Àwọn àwọ̀ tó ń tàn bí iná, pínkì àti ọsàn, ṣé wọ́n dára fún ojú?

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Àwọn kan nínú aró tó ń mú irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí i fún agbègbè ojú, ìyẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ kan fi máa ń kọ ọ́ sí i pé kì í ṣe ti ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú pálẹ́ẹ̀tì ló wà. Èmi kì í fi wọ́n sójú oníbàárà, ká má tíì wá sọ ti fífi omi lò wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kí n máa fọ búrọ́ọ̀ṣì?

Èyí tẹ́ ẹ fi omi lò, lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó. Èyí tó gbẹ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti tó fún ẹni tó ń dá lò ó. Ọṣẹ tí kò le ló dáa, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja kó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá nà án dúró, omi á wọ inú ìdí rẹ̀, irun rẹ̀ á máa jábọ́.

Báwo ni mo ṣe máa nu èyí tí mo fi sípíréè lò? Omi àti ọṣẹ ò mú un kúrò.

Òróró ló ń mú un kúrò. Ẹ fi òróró ìnujú tàbí òróró àgbọn díẹ̀ rẹ òwú, ẹ gbé e lé ìpénpéjú tẹ́ ẹ ti dì, ẹ má tíì nù ún. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀ kó lè tú u fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, síhà irun ìpénpéjú, ẹ yí òwú síbi tó mọ́, ẹ tún ṣe é. Ìgbà tí òwú bá mọ́ ni kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti omi fọ òróró yẹn kúrò.